Àpótí Tí Ẹ Dojú Rẹ̀ Délẹ̀

Bàámi, ẹ̀yin tí mi ò kọ lẹ́tà sí rí nígbà tí ẹ wà láyé,

Ara mi kò tíì balẹ̀ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo ń kọ ìwé yìí gàdàgbà, kí ẹ lè fi ìka tọ̀ ọ́ lọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bí ẹ ti máa ń ṣe sí Bíbélì. Ọmọ ọdún mọ́kànlá kan ló sọ ọ̀rọ̀ kan sí mi létí ní kíláàsì, níwájú ọmọ méjìdínlógójì, ọ̀rọ̀ yín ni. Ọmọ náà kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yín ni. Èmi nìkan ni mo mọ̀, mo sì dúró sójú kan pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tó yẹ. Òkè-Ọdẹ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Bidà ni mo wà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ tiwa sílẹ̀, àwa tíṣà kan tó jẹ́ ọmọ ìhín bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀ wálé. Ẹ kò jẹ nǹkan kan nínú ìpínlẹ̀ náà, nítorí ọ̀sẹ̀ tí wọ́n kéde lórí rédíò pé a ti kúrò lábẹ́ Kàdúná ni a sin yín. Mo rántí pé àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì ń jiyàn lábẹ́ àtíbàbà lórí Ìlọrin tí wọ́n fẹ́ fi ṣe olú-ìlú bí àwọn yòókù ti ń gbẹ́ ilẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ ì bá ti bá wọn jiyàn.

Kíláàsì karùn-ún ni wọ́n fún mi. Ìwé ìtàn àròsọ kan fún àwọn ọmọdé wà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa, ẹyọ kan fún ọmọ méjì-méjì. Ìtàn ọmọbìnrin kan ni, tí ìyá rẹ̀ ń bá òwò lọ sí Kánò. Kí ìyá náà tó lọ, ó mú odidi igbá kan tí wọn kò tíì là, ó là á sí méjì, ó mú ìlàjì kan dání, ó sì fi ìlàjì kejì sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà ń gbé ìlàjì yìí kiri láti ojú ìwé kìíní títí dé ìparí. Iṣẹ́ tèmi ni láti kọ́ àwọn ọmọ pé nǹkan tí à ń fojú rí nínú ìtàn lè dúró fún nǹkan mìíràn tí a kò fojú rí. Àmì ni mo pè é fún wọn.

Bàámi, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi pariwo àmì. Wọn kò gbọ́. Mo bi wọ́n pé kí ni igbá yìí dúró fún, wọ́n ní ó wà fún omi mímu. Mo ní kí wọ́n ronú sí i, wọ́n ní ó tún wà fún gàrí. Sámúẹ́lì, ọmọ oníwàásù wa, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, nawọ́ sókè lọ́jọ́ kan. Ó ní, “Tíṣà, kí ló dé tí wọn ò ra òmíì fún un? Igbá ò kúkú wọ́n lọ́jà Àjàṣẹ́.” Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú mi kò dùn. Alábẹ̀wò ilé-ìwé ti ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá jókòó sí kíláàsì mi ní Ọjọ́bọ̀, òun ló sì máa sọ bóyá kí wọ́n fi mí sílẹ̀ síbẹ̀ tàbí kí wọ́n tún gbé mi lọ.

Bí ọjọ́ Ìṣẹ́gun ti mọ́ nìyẹn, tí mo rò ó pé kí n fi ìwé sílẹ̀ ná, kí n fún wọn ní àpẹẹrẹ tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Mo sì mú tiyín. Ẹ foríjì mí. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ẹ rántí àárọ̀ náà. Oṣù kìíní ni, ọdún tó tẹ̀lé èyí tí òyìnbó gbé ìjọba sílẹ̀, ife tí wọ́n pín fún wa níléèwé nítorí òmìnira ṣì wà lórí pẹpẹ yín. Ẹ ti ní kí n dúró fún ọdún kan kí n tó lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn tíṣà, nítorí ara Ìyá mi tí kò yá. Mo ní mi ò dúró. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, mo sọ ohun tí ọmọ kì í sọ sí bàbá lójú, pé ilé tí wọn kò bá ti fẹ́ kí n tẹ̀síwájú, kì í ṣe ilé mi. Ẹ húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì bí ẹ ti máa ń ṣe kí ẹ tó gbàdúrà, ẹ kò sì gbàdúrà.

Nígbà tó di àárọ̀, tí mo gbé ẹrù mi rù, ẹ dìde. Ẹ gbé àpótí ìjókòó mi, èyí tí ẹ fi igi apá gbẹ́ fún mi nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjú sókè. Ẹ wò mí. Lẹ́yìn náà ẹ mú ọkọ́ yín, ẹ gba ọ̀nà oko lọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ẹ ti kọ̀ mí lọ́mọ.

Ẹ máa bi mí pé níbo ni mo ti mọ̀ ọ́n. Ilé tíṣà míṣọ̀n ní Òmù-Àrán ni. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ mú mi lọ síbẹ̀ ní ọmọ ọdún méje kí n lè kàwé, mi ò sì gbé abà pẹ̀lú yín ju ọ̀sẹ̀ kan lọ láyé mi. Ìyàwó tíṣà ní tábìlì àti ife tíì, ó sì kọ́ wa pé ẹni tí kò bá fẹ́ tíì mọ́, kó dojú ife rẹ̀ délẹ̀. Ife tó bá ti dojú délẹ̀, ó tán, ẹnikẹ́ni kò ní bu nǹkan sí i. Lọ́jọ́ kan tí mo fọ́ àwo, òun ló dojú ife mi délẹ̀ kí n tó dé ìdí tábìlì. Mo wẹ̀, mo wọṣọ, mo dé ibẹ̀, mo rí ìdí ife. Mi ò béèrè ohunkóhun, mo gba iléèwé lọ láìjẹun. Nítorí náà, nígbà tí ẹ dojú àpótí mi délẹ̀, mo kà á kíákíá bí ẹni tó ti mọ̀wé. Mo kà á pé wọn kò ní bu nǹkan kan fún mi nílé yìí mọ́.

Ohun tí mo gbé lọ sí kíláàsì nìyẹn. Mo gbé àpótí tí mo máa ń gùn kọ̀wé sókè pátákó, mo dojú rẹ̀ délẹ̀ níwájú wọn. Mo sọ pé bàbá kan àti ọmọbìnrin rẹ̀ jà, ọmọ náà ń lọ sí ìrìnàjò, bàbá sì ṣe báyìí sí àpótí rẹ̀. Kí ni àmì yìí ń sọ? Ìdáhùn ti wà nínú ìwé ètò ẹ̀kọ́ mi, mo ti kọ ọ́ láàárọ̀: bàbá ti kọ ọmọ sílẹ̀.

Gbogbo ọwọ́ lọ sókè. Láti ìgbà tí mo ti dé Òkè-Ọdẹ, irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí, kódà àwọn tó máa ń sùn lẹ́yìn nawọ́. Inú mi dùn. Mo pe Ràfátù, ọmọ àgbẹ̀ kan láti Bàbáńlá, ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀, tí Yorùbá inú ìwé máa ń fún lọ́rùn.

Ó dìde. Ó ní, “Tíṣà, ẹni tó ni ín ń bọ̀ ni.”

Mo ní kò gbọ́ ìbéèrè. Mo ní wọ́n jà.

“Wọn ì báà jà. Bàbá ẹ̀ pa àyè ẹ̀ mọ́ fún un ni. Tí wọ́n bá ti dojú ẹ̀ délẹ̀ báyẹn, ẹnì kankan ò gbọdọ̀ jókòó lé e mọ́. Tó bá jẹ́ pé wọ́n lé e ni, wọn ì bá ti gbé e fún ẹlòmíì.”

Mo wo àwọn yòókù kí wọ́n tako ọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọ́n ń mi orí pé òótọ́ ni. Ẹnì kan ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ní abà àwọn bí wọ́n bá ń lọ sílé lẹ́yìn ìkórè, kí ẹni tó bá ń kọjá lè mọ̀ pé ibẹ̀ ní ẹni tó ni ín. Òmíràn ní bàbá òun ṣe bẹ́ẹ̀ sí ti ẹ̀gbọ́n òun tó wọ iṣẹ́ sójà. Ó yà wọ́n lẹ́nu pé mo ń béèrè. Mo gbọ́ tí ẹnì kan sọ lẹ́yìn pé Tíṣà ò gbé abà rí.

Sámúẹ́lì kò sì lè ṣàì sọ tirẹ̀. “Tíṣà, ẹni tó ni ín nìkan ló máa ń ṣí i o. Tẹ́lòmíì bá ṣí i, a jẹ́ pé ẹni yẹn ò sí láyé mọ́ nìyẹn.” Ó wá wò mí. “Ọmọ yẹn ńkọ́? Ṣé ó ti wá ṣí i?”

Mo ní kí wọ́n ka ojú ìwé kejìlá. Mo jáde, mo lọ dúró sí ìdí máńgòrò lẹ́yìn ọ́fíìsì, mo di igi náà mú. Kì í ṣe ìdùnnú ló kọ́kọ́ bá mi, ẹ má gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù ni. Ìsìnkú Ìyá mi ni mo rántí.

Ọdún kejì tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ni. Mo wọlé, ilé kún. Ẹ jókòó sórí àga yín pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́. Ẹ wò mí, ẹ wo àpótí mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ṣì dojú délẹ̀. Ẹ fi àgbọ̀n tọ́ka sí i. Mo rí i dáadáa. Mo rò pé ẹ ń sọ fún mi pé ẹ kò gbàgbé, pé kódà lọ́jọ́ òkú ìyá mi, mi ò ní àyè. Mo yí padà, mo lọ jókòó sórí ẹní lẹ́nu ọ̀nà láàárín àwọn àlejò tó wá bá yín kẹ́dùn. Ìgbà tí mo gbójú sókè, ẹ ti gbé ojú yín kúrò lára mi.

Àpótí yẹn lẹ fi ń pè mí. Ní ìdí máńgòrò yẹn ló yé mi. Ẹ pè mí kí n wá jókòó, èmi sì lọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lójú gbogbo ayé. Ìgbà tí a wá sin ẹ̀yin náà, mo rí i níbẹ̀ síbẹ̀, mo sì bínú sí òkú. Mo sọ sínú pé bàbá yìí le o, ó ti kú tán, kò dárí jì mí. Ẹ wo irú ẹ̀kọ́ tí mo kọ́.

Alábẹ̀wò dé ní Ọjọ́bọ̀. Mo bi àwọn ọmọ léèrè ọ̀rọ̀ igbá, Ràfátù sì dáhùn kí n tó sọ ọ́ tán. Ó ní bí àpótí ìjọsí ni, ìyá ọmọ náà ń bọ̀, nítorí kò sí ẹni tó máa gbé ààbọ̀ igbá lọ láìní padà wá wá ààbọ̀ yòókù. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ń sọ tiwọn lọ́tùn-ún lósì, títí tí agogo fi lù. Ọkùnrin náà kọ nǹkan dáadáa sínú ìwé rẹ̀. Ó ní ibo ni mo ti rí ọ̀nà ìkọ́ni yìí. Mo ní ilé wa ni.

Sátidé, mo wọ lọ́rì lọ sílé wa ní Rore. Òjò ti ba ọ̀nà jẹ́, lọ́rì rì sínú ẹrẹ̀, ẹsẹ̀ la fi rin èyí tó kù. Mo bá Ìyá Àgbà, ẹ̀gbọ́n yín, níwájú ilé, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Mi ò tíì kí wọn tán tí mo fi béèrè pé kí ni ìtumọ̀ àpótí mi tó dojú délẹ̀.

Wọ́n wò mí bí ẹni tó ń wo ẹni tí ara rẹ̀ kò dá. “Kí ló máa túmọ̀ sí? Ìwọ ló ń retí.”

Mo ní mi ò mọ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ ife tíì fún wọn. Mo ní láti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí kò yé wọn ìdí tí ènìyàn fi máa dojú ife délẹ̀ nígbà tó lè sọ pé òun yó. Ìgbà tó yé wọn, wọ́n gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀.

Wọ́n ní, “Lọ́jọ́ tí a sin ìyá ẹ, tó o jókòó sílẹ̀, bàbá ẹ wọlé wá bá mi ní yàrá. Ó ní, ó kọ̀. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.”

Mo ní kí ló dé tí ẹnì kankan kò fi ẹnu sọ ọ́ fún mi.

“A rò pé o mọ̀ ni. Ọmọ wo ni ò mọ̀ ọ́n? Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fọ́mọlúwàbí.” Wọ́n tún fa àwo ẹ̀wà mọ́ra. “Bàbá ẹ ò yé nù ún o, títí ó fi kú. Tó bá ti nu bàtà ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀ tán ní Sátidé, á nu àpótí yẹn. Mo ní ṣebí ọmọ yẹn ti kọ̀. Ó ní ẹni tó kọ̀ lónìí lè gbà lọ́la.”

Ó dùn mí débi pé mi ò lè sunkún. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ lẹ sọ, ó sì dénú mi lóòótọ́, ṣùgbọ́n odidi mìíràn ló dà. Ẹ mú ọmọ yín lọ síbi tí wọ́n ti máa fi ìwé là á lójú, ó sì lajú títí kò fi lè ka ọwọ́ bàbá rẹ̀ mọ́. Bàámi, lọ́jọ́ tí ẹ kú, èwo lẹ gbà gbọ́? Ṣé èyí tí ẹ sọ nínú yàrá ni, àbí èyí tí ẹ ń sọ ní Sátidé? Kí ló dé tí ẹ kò pariwo mọ́ mi? Ẹ mọ̀ ọ́n ṣe fún ewúrẹ́. Ẹ ì bá kàn dárúkọ mi lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ ní, jókòó.

Mo wọlé. Ó wà níbẹ̀, Ìyá Àgbà ló ń nù ún báyìí. Mo ṣí i. Ojú rẹ̀ ṣì ń dán. Mo jókòó lé e, ó kéré, orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n mi. Ìyàwó àbúrò mi gbé àga tó dára wá, mo ní rárá, ó sì dúró, ó ń wò mí. Mo jókòó síbẹ̀ títí ó fi gún iyán tán, mo jẹ ẹ́ níbẹ̀, mo ń wo àga yín.

Lónìí, lẹ́yìn ìsìn, wọ́n ní lọ́rì fẹ́ gbéra. Ìyàwó àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ láti gbé àpótí náà kúrò lójú ọ̀nà. Ìyá Àgbà di ọwọ́ rẹ̀ mú. Wọ́n ní, “Fi sílẹ̀. Ẹni tó ni ín wà níbí.” Gbogbo wọn wá dúró, wọ́n ń wò mí.

Mo gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ibi tí ẹ gbé e sí lọ́jọ́ kìíní. Mo dojú rẹ̀ délẹ̀. Mo wo àga yín kí n tó jáde.

Èmi ni, ọmọ yín,
ẹni tó ni àpótí.